Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Gbẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé wọ́n ti bá yín tún omi họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn ṣe? Ìyá àgbà ní kí n bi ọ́ bóyá gààrì ni o ṣì ń fi ṣe oúnjẹ alẹ́. Mo ní n kò mọ̀, kí wọ́n má baà tún pe ìpàdé lórí rẹ̀.

Ayọ̀ tó wà lóhùn rẹ nígbà tí o pè kò tíì kúrò létí mi. O ní, "Màámi, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ wá wa wúrà lábà wa?" O ní ó dà bíi pé Ọlọ́run mọ̀ pé ìwakùsà ni ò ń kọ́ ní FUTA, Ó wá gbé iṣẹ́ tọ̀ ọ́ wá sílé. Mo kàn ní "à á rí i," mo sì yí ọ̀rọ̀ sí owó oúnjẹ. Kì í ṣe pé n kò ní èsì. Èsì mi gùn, kò sì ṣeé sọ lórí fóònù tó ń já lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí gbólóhùn kan tó parí.

Kí ọkàn rẹ balẹ̀ ná: n kò ní kí o fi ẹ̀kọ́ rẹ sílẹ̀. Mo máa ń fi ọ́ yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ́, àdá, ìkòkò, wáyà iná, inú ilẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá, èmi kọ́ ni mo máa lo irin tán kí n tún máa bú ẹni tó wà á jáde. Ṣùgbọ́n lórí wúrà tí wọ́n fẹ́ wà yìí, gbogbo ẹnu ló ń ka ohun tó wà nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka erùpẹ̀ tó wà lókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kó kà á.

Mo lọ sí sẹkitéríàtì káńsù láti ka ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wa wúrà náà kọ. Òfin 1992 lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe sí àyíká ló ní kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó gba àṣẹ, wọ́n sì máa ń fi í síta fún 21 ọjọ́ iṣẹ́ kí ará ìlú lè kà á kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Ìwé náà nípọn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì le. Mo fi gíláàsì sójú, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ sì ń wò mí bí ẹni tó ń wá ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì tó ṣìnà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ewéko, ìlà mélòó kan péré ni mo rí fún oko tí bàbá mi fi gbogbo agbára rẹ̀ dá. Wọ́n ní igbó tó ti bàjẹ́ ni, tí ọwọ́ àgbẹ̀ ti kàn, tí kò sì sí ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Ojú ewé tó tẹ̀lé e ni àtẹ iye tí wọ́n máa san lórí igi kọ̀ọ̀kan.

Ó ti pẹ́ tí o ti wọ inú "igbó tó ti bàjẹ́" yẹn kẹ́yìn, nítorí náà jẹ́ kí n mú ọ wọ̀ ọ́. Lókè pátápátá, ìrókò méjì àti arère kan tí bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ṣì dúró. Ó ní kòkó fẹ́ ibòòji, pàápàá nígbà tó bá kéré. Ahùn wà létí omi. Lábẹ́ wọn ni obì àti ọ̀pẹ, lábẹ́ ìyẹn ni kòkó, lábẹ́ kòkó ni ewé gbígbẹ tó pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Bí o bá fọwọ́ tú ewé náà, ti òkè gbẹ, ti àárín ti ń rà, ti ìsàlẹ̀ ti dúdú, o ò ní mọ ibi tí ewé parí sí àti ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ti máa ń wá ekòló tí ẹ ó fi sẹ́nu ìwọ̀, tí ẹ ó wá fi ọwọ́ dúdú yẹn jẹ iṣu mi.

Láìsí ewé yẹn, kòkó ò ní so. Òdòdó kòkó ò yọ lẹ́nu ọ̀mùnú bíi ti àwọn igi yòókù, ara ìtì àti ẹ̀ka ńlá ló ti ń yọ. Ó kéré, oyin kì í sì í ráyè tiẹ̀. Kantíkantí kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó kan dé òmíràn, inú ewé rírà, èèpo kòkó tó jẹrà àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé sílẹ̀ ni kantíkantí náà sì ń yé sí. Nínú ọgọ́rùn-ún òdòdó, èyí tó ń di èso kì í sábà pé márùn-ún. Wàyí o, ronú nípa ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù á máa gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí eruku á máa bo ewé àti òdòdó, tí abẹ́ igi á máa gbẹ nítorí pé wọ́n ti gé àwọn igi ńlá tó ń ṣíji bò ó. Ọkọ̀ kò ní fara kan igi kòkó kan. Igi á dúró, ewé á wà lórí rẹ̀, èso ni ò ní sí. Mo wá ojú ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí nínú àtẹ owó wọn, n kò rí i.

Ṣé o rántí kòtò ṣáláńgá tí a gbẹ́ lẹ́yìn ilé, tí mo pè ọ́ kí o wá wo ara ògiri rẹ̀, tí o ní tísà ò lè sinmi láyé yìí? Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ọ́ nìyí. Lókè, ilẹ̀dú, kò nípọn ju gígùn àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Gbòǹgbò tín-ín-rín kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ pupa, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀, gbòǹgbò ń dínkù títí ó fi ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ tí igi ń jẹ, inú ìwọ̀nba tó dúdú lókè yẹn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Ekòló àti ikán ló ń gbé erùpẹ̀ kíkúnná wá sókè, ewé ló ń fi ọ̀rá sí i, olú tín-tìn-tín tó so mọ́ gbòǹgbò ló ń bá igi wá oúnjẹ kiri. Ẹ̀rọ kan ò sí tó lè ṣe é.

Ní 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tẹ ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ agbègbè wa, Smyth àti Montgomery ló kọ ọ́. Orúkọ ìlú ni wọ́n fi pe oríṣi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ Ìwó, ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ilẹ̀ Oǹdó. Èyí tó pupa, tó jẹ́ amọ̀, tó jìn, tó ń di omi mú de ẹ̀ẹ̀rùn láì sọ gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀, Ìtagunmodi ni wọ́n pè é, Ìtagunmodi tiwa níbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ láti inú ìwé yẹn, orí mi a sì máa wú bí mo bá dé orúkọ náà. Ó wà lára ilẹ̀ tó bá kòkó mu jù lọ. Òkúta abẹ́ rẹ̀ ló sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, amphibolite tí ẹ̀yin náà ń fọwọ́ kàn ní láàbù, òkúta dúdú tó wúwo tó sì kún fún irin, tó jẹ́ pé bó bá ti ń jẹrà láti ayébáyé ló ń di amọ̀ pupa yìí. Nínú ọ̀wọ́ òkúta yẹn kan náà, yíká Iléṣà, ni wúrà wà, nínú iṣan òkúta funfun àti nísàlẹ̀ àwọn odò. Ohun tó fún wa ní kòkó náà ló pe awakùsà wá. N kò rí ẹni tí mo lè bínú sí fún ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Wọ́n á gé igi, wọ́n á hú kùkùté, katapílà á gé ojú ilẹ̀ dànù, kí wọ́n tó wá fi ẹ̀tù fọ́ òkúta. Ibi tí katapílà ti ń gé ojú ilẹ̀ yẹn ni kí o dúró sí, Àbẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń jèrè tàbí tó ti ń pàdánù, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá rí wúrà. Bí awakọ̀ bá fi abẹ rẹ̀ gbá ilẹ̀dú àti amọ̀ ìsàlẹ̀ pọ̀, ó parí, kò sí ẹni tó lè ṣa ọ̀kan kúrò nínú èkejì mọ́. Bí wọ́n bá gé ilẹ̀dú lọ́tọ̀, tí wọ́n wá kó o jọ gíga bí ilé alájà méjì fún ọdún mẹ́wàá, atẹ́gùn ò ní dé inú rẹ̀, ekòló á kú, olú gbòǹgbò á kú, irúgbìn igbó tó ń sùn nínú rẹ̀ á rà. Ohun tí wọ́n á dá padà á jọ ilẹ̀ lójú. Ìwé tí ẹ̀ ń kà yẹ kó ti sọ fún un yín pé òkìtì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ga, pé kí wọ́n gbin ẹ̀wà tàbí ewéko tó ń fà sórí rẹ̀, àti pé èyí tó dára jù ni kí wọ́n gbé e tààrà lọ sí apá ibi tí wọ́n ti gbẹ́ tán. Owó ni gbogbo ìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ dúró tì í.

Bẹ́ẹ̀ ni òjò wa kì í ṣe òjò ìlú òyìnbó. Ní nǹkan bí ọdún 1970 síwájú, Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tó gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ọ̀gbàrá ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìhòòhò, erùpẹ̀ tó ń lọ láti orí hẹ́kítà kan lọ́dún ju 100 tọ́ọ̀nù lọ. Níbi tí wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ irú kan náà, díẹ̀ báyìí ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nǹkan. Oko wa, lórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà. Ibi tí omi bá sì gbà sọ̀ kalẹ̀, àkùrọ̀ ìyá Sùnmọ́nù ló ń lọ, níbi tí gbogbo wa ti ń ra ṣọkọ nígbà tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n.

O ti rí àwọ̀ odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ. Àwọn tó ń wa wúrà lọ́nà ẹ̀búrú ló ń fọ erùpẹ̀ sínú rẹ̀ láti òkè odò, títí omi tó ń gba inú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo kọjá, igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005, fi wá pọ́n bíi tíì oní-mílíìkì. Ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Ẹrẹ̀ tó wà nínú odò yẹn, ilẹ̀ oko ẹnì kan ni tẹ́lẹ̀.

O máa sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ìwé àṣẹ yàtọ̀ sí àwọn tó ń fi ọkọ́ àti abọ́ wà á lóru. Òótọ́ ni, mo gbà. Ibi ìwakùsà Ṣẹ̀gilọlá, tó wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, tó kọ́kọ́ yọ́ wúrà ní 2021, kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ́ àti abọ́. Ṣùgbọ́n ihò ńlá ní wàhálà tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ju ibi tí omi inú ilẹ̀ wà lọ, wọ́n ní láti máa fa omi náà jáde tọ̀sán tòru kí wọ́n lè ríbi dúró ṣiṣẹ́, omi àwọn kànga àyíká á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Kòkó tó ti mọ́ lára láti máa mu omi tó wà nínú amọ̀ láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹta á wá máa wọ́wé nígbà tó yẹ kó máa tanná. Òkúta tí wọ́n bá sì hú jáde, apá kan rẹ̀ ní irin àti imí-ọjọ́ nínú, èyí tó máa ń dán tí àwọn ọmọdé ń pè ní wúrà. Nísàlẹ̀ níbi tí kò ti rí atẹ́gùn, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Bó bá jókòó síta tí òjò ń rọ̀ sí i, ásíìdì ni omi tó ń ti ara rẹ̀ ṣàn, ásíìdì yẹn a sì máa yọ oríṣiríṣi irin olóró mìíràn kúrò lára òkúta wọ inú ilẹ̀. Ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ ti kógbá sílé.

Mo ti fojú rí ohun tó ń kù sílẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Jos, àwọn adágún tí àwọn tó wa tánganran nígbà òyìnbó fi sílẹ̀ wà káàkiri, òkìtì erùpẹ̀ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, koríko díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀. N kò ní pa irọ́ fún ọ, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fa omi adágún náà bomi rin tòmátì àti ọ̀dùnkún nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ń rówó níbẹ̀. Àwọn ọmọ sì ń kú sínú rẹ̀. Ọmọ ènìyàn máa ń rí ọgbọ́n dá sí ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún un, kò wá túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ dára.

Ti Zamfara ní 2010 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjé tó wà nínú òkúta wúrà ibẹ̀ dàpọ̀ mọ́ eruku àgbàlá, ó sì pa ju 400 ọmọdé lọ. Wọ́n ní láti gé erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ kúrò ní àgbàlá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè tọ́jú àwọn tó kù. N kò sọ pé òkúta tiwa rí bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó fọ́ ọ, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ hàn wá.

Lọ́jà, olórí ìlú wa, ti pè wá jọ lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Owó ni gbogbo ènìyàn sọ. Mo dìde, mo ní kí a má tíì sọ owó, ariwo sọ. Wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì ló ń bá tísà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wo bí òfin ṣe tò ó: òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, òfin ìwakùsà 2007 fi ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ohun tó kù fún wa láti gbowó lé lórí ni igi tí a gbìn àti ilé tí a kọ́. Wọ́n á ka igi kòkó mi, wọ́n á sanwó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo lè fi ra mọ́tò. Ilẹ̀dú tó wà nídìí wọn kò wọ inú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé òun ló máa gbé igi mìíràn ró bí èyí bá kú.

Òfin 2007 yẹn náà ní apá tó dára. Ó ní kí wọ́n bá ará ìlú tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi owó pamọ́ tí wọ́n á fi tún ilẹ̀ ṣe. Ó tún ní wọn kò gbọ́dọ̀ wa kùsà ní ibi tí àwọn ènìyàn kà sí ibi mímọ́, tàbí kí wọ́n ba igi tí wọ́n ń bọ jẹ́. Èmi ọmọ ìjọ ni mí, o mọ̀, n kì í bá wọn lọ sí igbó òrìṣà etí omi yẹn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni igbó tí ẹnikẹ́ni ò gé rí kù sí ní gbogbo àyíká yìí, irúgbìn tí a ó fi tún igbó gbìn, ibẹ̀ ni a ó ti ṣà á. Mo ti sọ fún àwọn àwòrò pé kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo igi náà sílẹ̀. Pásítọ̀ ò tíì gbọ́.

Bí àwọn awakùsà bá ní wọ́n á gbin igi padà, bi wọ́n léèrè, irú igi wo? Mẹláínà àti àkéṣíà máa ń tètè dàgbà, bí o bá ti ojú ọ̀nà wò ó, tútù yọ̀yọ̀. Ewé Akíntọ́lá náà á bo ibi tó bá kù láàárín ọdún kan, ẹnikẹ́ni ò ní láti gbìn ín. N kò bú u, ó ń bo ilẹ̀ lójú òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrókò, kì í ṣe obì, kòkó ò sì lè wọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ kò ti ní rí ilẹ̀ tó jìn tó mítà kan ààbọ̀ wọ̀ láì kan ilẹ̀ tí táyà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbagidi.

Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà, nítorí pé bàbá wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sì dìde àfi tó bá gba owó rẹ̀. Lórí erùpẹ̀ yìí, mo ti lóṣòó. N kò ní fọwọ́ síwèé títí wọ́n á fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n á gé ilẹ̀dú lọ́tọ̀, ibi tí wọ́n á kó o sí, bó ṣe máa ga tó, ìgbà tí yóò padà, àti ẹni tí a ó mú bí kò bá padà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa tí ìwọ náà kà á tí o ní ó dára, n ó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì gbà ọ́ síṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, lọ, mo ti súre fún ọ. Kí ó ṣáà jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n máa bá nídìí katapílà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí ẹ bá gba ọlidé, bá mi yá irin tí ẹ fi ń gbẹ́ ilẹ̀ wò lọ́wọ́ olùkọ́ yín, kí o sì ra àwọn báàgì kékeré tó ṣeé kọ nǹkan sí lára. Mo fẹ́ kí a bu ilẹ̀ láti oko wa, láti àkùrọ̀ ìyá Sùnmọ́nù àti láti etí ọ̀nà, kí a sì bu omi kànga, kí o fi fóònù rẹ mú ojú ibi kọ̀ọ̀kan, kí a tó gbé e lọ sí láàbù. N ó san án. Kí wọ́n wo ásíìdì inú rẹ̀, òjé, àti ásẹ́níìkì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ dé, nítorí bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tí a bá rí, wọ́n á ní bí a ṣe bá a nìyẹn.

Ìpàdé kejì ti súnmọ́, Lọ́jà sì ní kí o kọ ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn sọ lórí òkìtì òkúta ní Yorùbá fún òun, kó má gùn. Mo ti fi àwòrán àwọn ojú ewé náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ; mẹ́ta ṣókùnkùn díẹ̀, ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Mo fi owó díẹ̀ sí àkáǹtì rẹ. Ẹran ni kí o fi rà, kì í ṣe dátà.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,

Màámi